Sùúrù àti Òkété

Ajá mi ń jẹ́ Sùúrù.
Ṣẹ̀gílọlá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tó gbé e wá nínú apẹ̀rẹ̀,
ó ní, "Bàbá, ẹ ó máa rí ẹni bá sọ̀rọ̀."
Orúkọ a máa ro ọmọ.
Kò ro ajá.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi bá wọn ṣe iná ní Ẹ̀gbìn.
Lálẹ́ tí mo ń wí yìí, Ìjẹ̀dé dúdú bí inú ìkòkò,
mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo ń gbọ́ ọ̀sà tó ń lá etí iyanrìn,
ni nǹkan kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í rún ekùrọ́ lábẹ́ ọ̀pẹ.

Kẹ́. Kẹ́kẹ́. Kẹ́.

Sùúrù ti fò kí n tó sọ pé "Dúró".
Mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Òkété ni, ó tó ológbò,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kún bí àpò agbowó-orí,
ìrù dúdú nídìí, ó funfun ní ṣóńṣó,
bí ìgbà tí èèyàn ti ìka bọ ẹfun.
Kò sá. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ṣí eyín.
Igbe tí mo gbọ́, ti ajá mi ni.

Ilẹ̀ mọ́, imú Sùúrù wú bí àkàrà.
Ṣówándé yọrí lórí fẹ́ǹsì:
"Oògùn eku ni, Bàbá. Ẹ fi sínú ẹ̀kọ,
tó bá dàárọ̀, ó parí."
Mo wo ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀,
ṣéènì ṣì wà lára igi àgbọn, kò sí ajá nídìí rẹ̀.
Èmi àti òun la jọ gbẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà.
Eku jẹ oògùn, ajá jẹ eku,
oògùn ò mọ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á.
N kò sọ ọ́.
Mo ní, "Ẹ ṣeun."

Mo gbé Sùúrù mọ́ àyà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ìkòròdú.
Dókítà ẹran, ọmọdébìnrin kan tó wọ bàtà òjò,
fi ọṣẹ fọ ojú egbò, ó fọ̀ ọ́ pẹ́,
ó ní, "Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gbẹ̀yìn?"
Mo wolẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.
Ó gún un. Ó kọ ọjọ́ mìíràn sínú káàdì.
Ó wá bi mí ní ohun tí n kò rò:
"Kí ni òkété yẹn ń wá lọ́dọ̀ yín?"

Mo délé, mo wò.
Abọ́ Sùúrù níta, ẹ̀bà àná nínú rẹ̀.
Garawa ìdọ̀tí, kò ní ìdérí.
Ẹyìn tó ti já bọ́ jìnwìnnì,
tẹ́nikẹ́ni ò ṣà láti ìgbà tí ìyá Ṣẹ̀gílọlá ti lọ.
Èmi ni mo tẹ́ tábìlì,
tí mo tún ń bá àlejò jà.

Abọ́ kì í sùn níta mọ́.
Mo fi búlọ́ọ̀kù lé orí garawa.
Láàárọ̀, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣa ẹyìn, ìbàdí mi ń bú mi.
Sùúrù ń sùn sínú ilé, lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi,
bí ó bá fẹ́ jáde tọ̀ lóru, màá kọ́kọ́ fi ọ̀pá lu ilẹ̀kùn,
gbàà, gbàà,
kí onítọ̀hún gbọ́, kó gba ọ̀nà tirẹ̀.
Ihò abẹ́ fẹ́ǹsì, n kò tíì dí i.
Ta ló mọ̀ bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán,
ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.
Ṣẹ̀gílọlá ń pè ní ọjọ́ Àìkú,
owó abẹ́rẹ́ ti wọlé kí n tó sọ ó dàbọ̀.
Mo ń mu ún.

Lálẹ́ àná, lẹ́yìn odi: kẹ́. Kẹ́kẹ́.
Ajá gbé orí sókè, irun ọrùn rẹ̀ dìde.
Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo ní, "Sùúrù."
N kò lè sọ bóyá òun ni mo ń pè,
àbí mo ń tọrọ.